Ẹyẹ Òkun Nínú Igbó Agbèjì

Ẹ sún mọ́ra, ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà lẹ́yìn náà rí ibi jókòó sí, ẹ sì bá mi lé àwọn ewúrẹ́ yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò fẹ́ ariwo. Èmi Ọdẹ́tóyìnbó ni. Èmi ni ọdẹ tí ẹfọ̀n gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbàgbé koríko sẹ́nu. Èmi ni mo jókòó lé erè lórí tí mo ṣe bí igi tó wó ni, tí erè náà sì dúró jẹ́ẹ́ títí mo fi fa tábà mi tán; ìgbà tí mo dìde ni òun náà tó mí kanlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo ń pa, kí ó lọ bi erè.

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò ní Ìdó-Ọ̀pẹ, ìlú tí wọ́n bí mi sí. Etí òkun ni mò ń gbé báyìí, níbi tí ilẹ̀ ti tán, tí ènìyàn kì í rí igi tó ga ju àgbọn lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá di ojú, mo ṣì ń gbọ́ òórùn ewé tó ń jẹrà lẹ́yìn òjò ní Igbó Agbèjì. Mo mọ ibi tí gbòǹgbò ìrókò ti la ọ̀nà kọjá, ẹsẹ̀ mi á sì gbé ara rẹ̀ sókè níbẹ̀ kí n tó rán an létí. Ẹsẹ̀ mi kò tíì gbàgbé. Orúkọ àwọn tí a jọ rìn níbẹ̀ ni ó ń sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tó gbé mi wọ igbó lọ́dún náà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ àṣà àwa ọdẹ Ìdó-Ọ̀pẹ. Ìlú wa jìnnà sí òkun débi pé ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé odò kan tó kàn ń gbéra ga ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò bá ń parí lọ, ìjì kan máa ń ti ìsàlẹ̀ wá, ìjì tó ń rùn bí iyọ̀. Yóò ṣí òrùlé, yóò wó ọ̀gẹ̀dẹ̀, yóò sì gbé àwọn ẹyẹ tí a kò mọ̀ rí wá. Bí ó bá ti rọlẹ̀, gbogbo ọdẹ á jáde lọ ṣọ́ ẹyẹ. A kì í yìnbọn sí ẹyẹ tí a kò mọ orúkọ rẹ̀. A ó kọ́kọ́ bi í léèrè. Ìbéèrè náà kò sì ní ẹnu nínú. A ó da àgbàdo síwájú rẹ̀, a ó gbé omi odò wa fún un nínú igbá, a ó na igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí i kí ó bà lé e. Bí ó bá gba ẹyọ kan nínú wọn, àlejò ni, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Bí ó bá kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á ní kì í ṣe ẹyẹ, wọ́n á ní ẹnì kan nínú ìlú ló ránṣẹ́ pè é. Ilé tí ó bá kọ́kọ́ bà lé ni wọ́n ti máa ń wá ẹni náà, ẹni náà á sì di ẹrù rẹ̀, á jáde nílùú.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orí ilé mi ni ẹyẹ náà bà lé.

Mo ti rí ẹyẹ láyé mi. N kò rí irú èyí rí. Àyà rẹ̀ funfun bí òwú, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, apá rẹ̀ gùn débi pé kò mọ bí yóò ṣe ká a, ẹnu rẹ̀ gún bí ọ̀kọ̀. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ so pọ̀ bíi ti pẹ́pẹ́yẹ, ṣùgbọ́n ta ló rí pẹ́pẹ́yẹ tó ti ojú ọ̀run wá rí? Èyí tó burú jù ni pé omi ń kán láti imú rẹ̀, tó, tó, tó, ó ń gba ẹnu rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń sunkún tí kò fẹ́ kí a mọ̀.

Ìyàwó mi jáde. Orímisàn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ etí òkun. Ọjà ìkòríta ni mo ti rí i: mo gbé ẹran ìgbẹ́ lọ, òun gbé ẹja wá, mo gbé ẹran fún un, ó gbé ẹja fún mi, a sì wà lẹ́nu pàṣípààrọ̀ náà títí wọ́n fi so wá pọ̀. Ní ilẹ̀ wọn, "ìwọ" ni ọmọ ń pe bàbá rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń bínú. Ṣùgbọ́n ní Ìdó-Ọ̀pẹ, gbogbo ìgbà tó bá pe àgbàlagbà ní "ìwọ" ni wọ́n ń kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un. Ó jáde, ó gbójú sókè, ó rí ẹyẹ náà, ó rẹ́rìn-ín! Ó sọ̀rọ̀ sí i ní èdè ilé wọn, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ojú rẹ̀ sì kún fún omi. Ẹyẹ ń da omi, obìnrin ń da omi. Mo dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo rí i kedere. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbéyàwó láàárín yín, ẹ sọ fún mi, kí lẹ̀yin ìbá rò?

Ẹyẹ náà yọ̀ láti orí páànù, ó já lulẹ̀ gbì. Kí n tó mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe, àwọn ọdẹ ti kún àgbàlá mi, Olúọdẹ wa, Bàbá Ògúnṣakin, sì wà níwájú wọn. Wọ́n da àgbàdo. Ẹyẹ wò ó bí ènìyàn ṣe ń wo iyanrìn. Wọ́n gbé omi wá. Ó yí ojú kúrò. Wọ́n na igi sí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí rẹ̀, ó ṣubú. "Ó kọ̀ ọ́!" ni gbogbo wọn wí. Níbi tí wọ́n ti ń pariwo, ẹyẹ náà wọ́ ara rẹ̀ gun ògiri tí ìjì wó, ó na apá, atẹ́gùn gbé e, ó sì kọjá lórí wa lọ sí Igbó Agbèjì.

Olúọdẹ wo ìyàwó mi, ó wò mí. "Ọdẹ́tóyìnbó," ó ní, "ìwọ lo nilé, ìwọ ni yóò mú un wá, kí a lè bi í lẹ́ẹ̀kan sí i lójú gbogbo ìlú. Ṣé o rí ewé tí ìjì já sílẹ̀ yìí? Kí wọ́n tó gbẹ. Bí wọ́n bá gbẹ kí o tó dé, a ó mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ mọ̀ sí i, obìnrin yìí á sì máa lọ."

"Bàbá, mo gbọ́," ni mo wí.

Ìyàwó mi kò sọ nǹkan kan. Ìyẹn gan-an tún kó ìfura bá mi.

Mo wọ gbérí, ẹ̀wù ọdẹ mi, mo gbé ìbọn ṣakabùlà mi kọ́ èjìká, mo gbé agbọ̀n kan dání, mo wọ igbó. Ẹ jẹ́ kí n fo ti ẹ̀gún àti ti ìjàlọ, nítorí ìyẹn kì í ṣe ìtàn fún ẹni tó bá ti dé oko rí. Ibi tí igbó ti dì, tí oòrùn ọ̀sán ti di àwọ̀ ewé, mo kan ohun kan tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ lójú ọ̀nà. Mo ní ewé kókò ni. Mo gbé ẹsẹ̀ kí n tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ̀n. Etí ni! Etí kan ṣoṣo, ó fẹ̀ tó ẹní, ó so mọ́ ara kékeré kan tó jókòó sẹ́bàá ọ̀nà, ara tí kò ju ti ọ̀bọ lọ. Kò ní ojú rárá. Elétí-Kókò tí àwọn bàbá wa ń dárúkọ nìyẹn, tí mo ti rò pé wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni.

"Ta ló ń tẹ ilẹ̀ bí ẹni tí kò gba ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbọ́?" ó bi mí.

"Ọdẹ ni."

"Ọdẹ pọ̀. Èwo nínú wọn?"

"Èyí tí ìbọn rẹ̀ kì í tàsé."

"Irọ́ kan nìyẹn," ó ní, ó fi ìka wé etí bí ẹni ń wé láwàní. "Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí ìgalà fò kọjá lójú rẹ. Mo gbọ́ èpè tí o ṣẹ́ fún ẹ̀tù ìbọn. Mo tún gbọ́ ohun tí o sọ fún wọn nílé, pé aya ìgalà náà lóyún, o ṣàánú rẹ̀."

Ojú tì mí, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká etí, mo fẹ́ kọjá."

"San owó ibodè. N kì í gba owó, n kì í gba ẹran. Ìfura ni mò ń jẹ. Mú ẹyọ kan jáde nínú èyí tó wà nínú rẹ, kí o sọ ọ́ sí mi létí. Tòótọ́ ni o. Bí ó bá jẹ́ àdàmọ̀dì, n ó fi etí yìí wé ọ, o kò ní gbọ́ ariwo ayé mọ́."

Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹnu sí etí náà, mo sọ ọ́: pé mò ń fura sí ìyàwó mi. Ẹ̀rù ba èmi fúnra mi nígbà tí mo gbọ́ ọ. Elétí-Kókò ń jẹ ẹ́, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ikùn rẹ̀ sì wú díẹ̀.

"Ó ti kan," ó ní, "ó ti pẹ́ nínú rẹ. Ìfura tó bá ti pẹ́ máa ń korò níparí. Kọjá."

Mo rò pé nígbà tó ti jẹ ẹ́ tán, èmi á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rárá o! Bí mo ṣe kọjá, ó ṣì wà nínú mi digbí, bí ẹni pé ẹ̀dà rẹ̀ ni mo fi sílẹ̀.

Iwájú díẹ̀ ni mo ti bọ́ sí gbangba kan. Ẹ wò ó, ohun gbogbo tí ìjì ti gbé lọ láyé yìí wà níbẹ̀! Páànù tó ti ìlú ọ̀kan-ò-jọ̀kan wá ni wọ́n fi kọ́lé sí àárín. Agboòrùn tó ti yí padà, fìlà, ìborùn, aṣọ tí wọ́n sá, pátákó ilé ìwé, àní ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì kan pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ lára rẹ̀. Ọkùnrin kan jókòó láàárín wọn, ó kúrú bí odó, irùngbọ̀n rẹ̀ kan orúnkún, ẹyẹ ẹ̀ga sì kọ́lé sínú rẹ̀. Ojú rẹ̀ kan tóbi bí àwo, èkejì kéré bí orógbó. Ó wọ agbádá ọlọ́lá kan, ó wé gèlè lé e, ó sì wọ ibọ̀sẹ̀ ọmọ ọwọ́ sí ìka kan. Akótìjì nìyẹn, ẹni tó ń kó gbogbo ohun tí ìjì bá jù sílẹ̀. Ẹyẹ mi sì dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n so okùn mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, omi ń kán nímú rẹ̀.

"Olè dé," ó ní, kò tilẹ̀ gbé orí.

"N kì í ṣe olè. Ọdẹ Ìdó-Ọ̀pẹ ni mí. Ẹyẹ yẹn ni mo wá gbà."

"Ohun tí gbogbo wọn máa ń sọ nìyẹn. Obìnrin kan wá ní òun ló ni gèlè yìí. Mo ní kí ó sọ ibi tí gèlè náà ti ya. Ó ní kò ya." Ó ṣí gèlè, ó fi ìka gba ihò kan jáde. "Mo lé e. Ẹni tó bá ni nǹkan gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Kí ni ẹyẹ yìí ń jẹ?"

Ọ̀rọ̀ wo ni ọdẹ yóò rò sí èyí? "Àgbàdo," ni mo wí.

Páànù kan gbéra lórí ilé, fìrì! Ó gé etí fìlà mi lọ. Akótìjì rẹ́rìn-ín, gbogbo páànù yòókù sì ń gbọ̀n bí ẹni tó ń bá a rẹ́rìn-ín.

"Omi wo ni ó ń mu?"

"Omi... omi odò tó mọ́."

Páànù kejì gba abẹ́ abíyá mi kọjá, ó gé gbérí mi, n kò sì mọ bí ìhà mi ṣe ṣẹ́kù. Ìgbà yẹn ni mo ti fi ikùn lélẹ̀.

"Ibo ni ó ń sùn sí?"

"Orí igi!" Mo ti yí gbirigbiri kí n tó sọ ọ́ tán. Páànù wọ ilẹ̀ níbi tí ọrùn mi wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá rí páànù tó ń fò ní ojú ọ̀sán gangan yóò mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dúró wò.

Nígbà tí mo mí tán, mo ní, "Akótìjì, ẹ jẹ́ kí a ná an. Ẹ fún mi láyè kí n lọ wá ìdáhùn wá."

Ó fi ojú ńlá wò mí, ó fi ojú kékeré wò mí. "O ó sá lọ."

"Ẹ gba ìbọn mi dúró."

"Mo ní ìbọn. Ìjì kan gbé méjì wá." Ó ronú. "Fi orúkọ rẹ sílẹ̀. Títí o ó fi padà, ẹni tó bá pè é, o kò ní gbọ́. Bí o bá padà tí o tún ṣì í, n ó mú orúkọ náà, n ó sì fi í fún ewúrẹ́."

Mo gbà. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ó na ọwọ́, ó mú nǹkan kan kúrò létí mi, ó fi í sí abẹ́ gèlè rẹ̀.

Bí mo ṣe wọ ìlú, àwọn ènìyàn ń la ẹnu sí mi, n kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní Olúọdẹ pè mí títí, mo kọjá lára rẹ̀ bí ẹni pé igi ni. Ẹnì kan sì sọ lẹ́yìn mi, èyí tí mo gbọ́ dáadáa, "Ẹ rí i? Wọ́n ti mú òun náà."

Mo bá Orímisàn lẹ́yìnkùlé. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, igbá omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń bu omi wọ́n ewé tí ìjì já sílẹ̀. Ó ń wọ́n ọn jẹ́jẹ́, ó ń yí i padà, ó tún ń wọ́n ọn. Mo dúró. Ètùtù wo nìyí? Ta ló ń ṣe é fún?

"Kí lò ń ṣe?" mo bi í, ohùn mi le.

Kò yíjú padà. "Wọ́n ní kí ewé tó gbẹ. Mò ń jẹ́ kí ó tutù."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, nǹkan kan já nínú mi bí okùn. Mo jókòó lórí òkúta. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí etí dé orí páànù. Nígbà tí mo dé ibi ìbéèrè, ó gbé igbá sílẹ̀.

"Mo mọ ìdáhùn rẹ̀," ó ní. "Gbogbo ọmọdé ilé wa ló mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Bí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní èmi ni mo ni ẹyẹ náà, báwo ni mo ṣe mọ oúnjẹ rẹ̀? Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á ní mo fi pamọ́. Ìwọ náà ńkọ́? Èwo nínú méjèèjì lo fẹ́ fi fura sí mi?"

"Ta ló ní mo fura?"

"Ìwọ tí o dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn! Ẹsẹ̀ rẹ yọ sísàlẹ̀, ọdẹ ńlá." Ó rẹ́rìn-ín, inú rẹ̀ kò dùn. "Mo rí ẹyẹ ilé wa. Ó ti tó ọdún mélòó tí mo ti rí ohun kan tó ti ilé wá? Mo kí i. Mo bi í bóyá bàbá mi ṣì wà lórí omi."

Mo bá a yí ewé kan padà.

Ó wá bu omi tó kù sórí ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi. Ó ní ẹja nìkan ni ẹyẹ náà ń jẹ, láti òkè ni ó ti ń já sínú omi láti mú un. Ó ní omi òkun ló ń mu, omi iyọ̀, ara rẹ̀ á sì yọ iyọ̀ náà, á tì í jáde gba imú. Kì í ṣe ẹkún. Ó ní ẹsẹ̀ rẹ̀, àjẹ̀ ni, fún ìwakọ̀ ni a ṣe é, ìyẹn ni kò fi lè di igi tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Ó ní ojú omi ni ó ń sùn sí, àti orí àpáta tó bá yọ láàárín òkun. "Bí ó bá já sí ilẹ̀ tó tẹ́jú nínú igbó, kò lè gbéra. Ó fẹ́ ibi gíga, ó fẹ́ atẹ́gùn. Ebi ló máa pa á síbẹ̀."

Mo gba inú igbó padà. Elétí-Kókò ti tẹ́ etí sílẹ̀. "Ìfura mìíràn," ó ní, "èyí àkọ́kọ́ ti dà nínú mi."

Mo wá ti ìyàwó mi kiri inú mi, n kò rí i dáadáa mọ́. Ó ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Èyí tí mo rí ni mo sọ fún un: pé mò ń fura sí ìbéèrè àwa ọdẹ fúnra rẹ̀, àti gbogbo àwọn tí a ti lé jáde nítorí rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ó jẹ ẹ́, ó lá ètè. "Áà! Èyí dùn. Ó ṣì gbóná. Máa lọ, máa lọ."

Akótìjì ti ń dúró. Mo dáhùn àkọ́kọ́, páànù kò mi. Mo dáhùn èkejì, àwọn ẹ̀ga inú irùngbọ̀n rẹ̀ dákẹ́. Mo dáhùn ẹ̀kẹta, mo sì fi ohùn ọdẹ kí ẹyẹ náà, ìjálá tí kò sí ẹni tó kọ́ mi:

Ẹyẹ tí kò mọ ẹ̀ka, tó ń fi ojú omi ṣe ẹní,
Alájẹ̀ lẹ́sẹ̀, tó ń wakọ̀ láìní ọkọ̀,
Amomi-iyọ̀ tu iyọ̀ nímú,
Ìjì ló ṣì ọ́ gbé, ìwọ kọ́ lo ṣìnà.

Akótìjì na ìka tó wọ ibọ̀sẹ̀ sí mi. "Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìyàwó mi."

"Ṣé o gbà á gbọ́?" Gbogbo páànù ilé rẹ̀ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró lófuurufú, ẹnu wọn kọjú sí mi. "Má purọ́. Elétí ń gbọ́."

"Kí n tó wá, n kò mọ̀," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí páànù yín lè ṣe, mo sì padà síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan."

Ó pẹ́. Páànù sì rọra padà sórí ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kéng, kéng, kéng. Ó tú okùn ẹyẹ, ó ṣí gèlè, ó fi orúkọ mi padà sí mi létí. Ìgbà tí mo kọjá etí gbangba náà, ó ké mọ́ mi lẹ́yìn, "Ọdẹ́tóyìnbó! Bí o bá rí obìnrin tó ni gèlè yìí, sọ fún un pé kò lè rí i gbà!"

Ewé tútù ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí mo dé. Gbogbo ìlú pé sí iwájú ilé Olúọdẹ ní ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì wà lókè. Wọ́n da àgbàdo, ẹyẹ kò wò ó. Wọ́n gbé omi, wọ́n na igi, ó rí bíi ti àkọ́kọ́. Ariwo sọ. Mo ní kí wọ́n dákẹ́. Mo mú ẹja tútù tí mo dẹ ní àkùrọ̀ bí mo ṣe ń bọ̀, mo jù ú síwájú ẹyẹ náà. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti wọlé! Mo ju òmíràn, ó gbé e mì. Mo po iyọ̀ sínú omi, ó ki ẹnu bọ̀ ọ́, ó mu. Gbogbo wọn dákẹ́. Mo rò pé ó tán. Mo ti ń tún fìlà mi ṣe.

"Ta ló sọ fún ọ pé ẹja ló ń jẹ?" ni Olúọdẹ bi mí.

"Orímisàn ni, Bàbá. Ẹyẹ ilé wọn ni. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n níbẹ̀."

"Ẹ gbọ́!" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ó mọ oúnjẹ rẹ̀! Ó mọ omi rẹ̀! Ta ni yóò mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ẹni tó ń bọ́ ọ?" Ariwo náà sì tún gbéra, ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi wò mí. Ojú rẹ̀ ń sọ pé, ṣebí mo ti wí fún ọ?

Olúọdẹ gbé ọwọ́ sókè. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Òun ló kọ́ mi ní bí a ṣe ń mí nígbà tí a bá fẹ́ yìnbọn. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ọdẹ́tóyìnbó, n kò kórìíra aya rẹ. Ṣùgbọ́n ìlú kò ní sùn. Jẹ́ kí a fi òpin sí i. Yìnbọn sí ẹyẹ náà. Bí nǹkan kan kò bá ṣe obìnrin yìí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọ̀rọ̀ tán. Kí ó máa gbé lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá tún bú u, èmi ni ó bú."

Ó rọrùn, àbí? Ẹyẹ lásán ni. Mo gbé ìbọn. Ẹyẹ náà dúró sórí ilẹ̀, kò lè fò, omi ń kán nímú rẹ̀. Mo ki ẹ̀tù sí ìbọn, mo fi ojú sun ẹyẹ náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í mí bí Bàbá ṣe kọ́ mi. Orímisàn kò bẹ̀ mí. Ó kàn ń wo ìka mi. Mo sì rí i pé èkúté kékeré kan ṣì wà nínú ọkàn mi tó ń fẹ́ yìn ín, kì í ṣe nítorí ìlú, nítorí kí èmi fúnra mi lè mọ̀.

Mo sọ ìbọn kalẹ̀. Mo rìn lọ síwájú, mo gbé e lé ẹsẹ̀ Olúọdẹ. Ẹ̀yin ọmọ ọdẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹni tó bá gbé ìbọn lé ẹsẹ̀ Olúọdẹ ti jáde nínú ẹgbẹ́, kò sì lè padà wá gbé e.

"Gbé e," ni Bàbá wí. "Ọmọ mi, gbé e."

"Bàbá, ó dàbọ̀."

Mo gbé ẹyẹ sínú agbọ̀n. Orímisàn wọlé, ó jáde, ẹrù rẹ̀ ti wà ní dídì. N kò mọ ìgbà tó dì í. A jáde láàárín wọn, wọ́n sì ya fún wa bí ẹni tó ń ya fún iná. A gun orí àpáta tó wà ní ìparí ilẹ̀ ìlú, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ó gba ẹyẹ náà lọ́wọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ sí i ní èdè ilé wọn, ó sì jù ú sókè. Ó já lọ sísàlẹ̀ bí òkúta. Mo pariwo. Ó kọjá lójú àwọn igi, ó sọnù, ó wá yọ níwájú ní ọ̀nà jíjìn, apá rẹ̀ gbọọrọ, ó kọrí sí ìsàlẹ̀ ibi tí ìjì ti wá.

A ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó bi mí. "Nígbà tí ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ, kí lo rò?"

"Mo rò pé bí mo bá yìn ín tí nǹkan kan kò ṣe ọ́, n kò ní lè wo ojú rẹ mọ́."

"Bí mo bá kú ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé èmi ni mo pa ọ́."

Ó dúró. Ó rò ó bí ẹni tó ń wo ẹja bóyá ó ti bàjẹ́. Ó sọ ẹrù tó wúwo jù kalẹ̀ síwájú mi. "Gbé èyí," ó ní, "ọwọ́ rẹ ti ṣófo báyìí." Ó wá yí padà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi pátápátá, ó sì ń lọ lójú ọ̀nà tóóró náà, kò bojú wẹ̀yìn wò bóyá mò ń bọ̀.